Òrùka Tó Bá Ìwé Mu

Òrùka rọ́bà méjì ni Ọ̀gá Kílófàá tò síwájú mi lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní kí n sọ èyí tó burú nínú méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀kan nípọn, ó sì ti gbó díẹ̀. Èkejì tín-ín-rín, tuntun ni, àmọ́ ó ti ya lápá kan, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára. Afọ́jú pàápàá á fọwọ́ bà á, á mọ èyí tó yẹ ká jù nù.

"Èyí ni," mo ní, mo nàka sí tín-ín-rín yẹn.

"Sájẹ́ǹtì, ó dá ọ lójú?"

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀!"

Ó tẹ́ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí tábìlì. Àwòrán òrùka náà ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó, wọ́n sì kọ bó ṣe yẹ kó nípọn tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: mìlímítà márùn-ún. Ó fi irin ìwọ̀n gbá tín-ín-rín mú. Márùn-ún géé, kò lé, kò dín. Ó fi gbá èyí tó nípọn mú. Mẹ́fà.

"Ó dáa," ó ní. "Èyí tó fọ́ èèyàn lójú ló bá ìwé mu. Èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún méjìdínlógún láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun ni kò bá ìwé mu. Wàyí o, èwo ló burú?"

Mi ò tíì jẹun àárọ̀, ẹni tí ebi ń pa sì kọ́ ni wọ́n ń bi nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kílófàá kọ́ lorúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Àwa tá a jọ wà ní àgọ́ ọlọ́pàá la fún un lórúkọ yẹn, nítorí bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, kí ló fà á ni yóò kọ́kọ́ bi ọ́. Obìnrin kúkurú kan ni, ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, bàtà ẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tẹ̀ lé e kiri, mi ò sì tíì rí ọjọ́ kan tí mo mọ ibi tá à ń lọ kí a tó débẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ṣòro láti sọ. Ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn títì tó ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ máa ń pọ̀n sẹ́yìn láti fi fín oògùn sóko. Ẹ̀rọ náà ní ọmọrí, òrùka rọ́bà sì wà lábẹ́ ọmọrí yẹn tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn inú ẹ̀ ráyè sá jáde. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Baba Ọlọ́mọrí, ẹni tó ń dán àwọn ẹ̀rọ náà wò, fẹ́ atẹ́gùn sínú èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n tò lọ́jọ́ yẹn. Ọmọrí fò yọ, ó gbá a lójú. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kán, ojú òsì ẹ̀ sì lọ.

Ibì kan ṣoṣo ni òrùka yẹn ti ń wá: ọ̀dọ̀ Ìyá Onírọ́bà, tó ní ibi-iṣẹ́ kékeré kan àti òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, a ti mú un, a ti ti ibi-iṣẹ́ ẹ̀ pa. Lọ́jọ́ Ajé yóò dé iwájú adájọ́. Bí a ò bá rí nǹkan sọ ju èyí tó wà lọ́wọ́ wa lọ, ẹ̀wọ̀n ni, ibi-iṣẹ́ náà sì parí nìyẹn.

"Ó ń yọ́ rọ́bà jí ni," mo ní. "Ó dín in kù kó lè jèrè. Ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ó dín in kù débi tí ìwé ní kó dé gan-an?" Ọ̀gá mi bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún. "Olè wo ló ń jalè títí dórí ìlà tí òfin fà, tó wá dúró síbẹ̀?"

*

Ìyá Onírọ́bà jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú àhámọ́, ó káwọ́ gbera. Rọ́bà ti kún abẹ́ èékánná ẹ̀ dúdú, irú dúdú tí ọṣẹ kì í ká mọ́. Ọ̀gá mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ ń retí ọkọ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

"Ẹ ṣeun."

"Kí ló fà á?"

"Èmi ni mo ṣe é. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Kí ló fà á tẹ́ ẹ fi ṣe é ni mò ń bi yín."

"Mo mọ̀ pé ó tín-ín-rín. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo ṣe é, mo dì í, mo fi ránṣẹ́. Ṣé kò tíì tó ni?"

"Ìwé wọn ní márùn-ún, Màmá. Márùn-ún lẹ sì ṣe."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ẹni tá a bá sọ fún pé ìwé gbè é, ṣebí inú ẹ̀ ló yẹ kó dùn. Ẹ̀rù ni mo rí lójú tiẹ̀.

"Ẹ má fi ìwé sí i," ó ní. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Èmi nìkan ni. Ẹ má pe ẹlòmíì sí i."

"Ta ni ẹlòmíì ọ̀hún?"

Ó dijú, ó kọjú sí ògiri títí a fi jáde.

Mo sọ fún ọ̀gá mi níta pé ó ti jẹ́wọ́, kí ló tún kù? Ó ní ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í, ó lẹ́ni tó ń fara bò. Ó ní kí n lọ gbé ọkọ̀.

*

Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé orí Baba Ọlọ́mọrí bí ẹní di ẹrù. Ojú kan ló yọ síta. Kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi wáyà de ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló jókòó tì í, ó mú ìka ẹ̀ kan dání.

"Ṣé ẹ ti mú obìnrin yẹn?" ó bi wá kí a tó kí i tán.

"Ó wà lọ́dọ̀ wa, mà," mo ní.

"Ẹ má jẹ́ kó jáde. Ọdún méjìdínlógún ni bàbá yìí ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé. Onírọ́bà báyìí, Onírọ́bà bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọṣẹ́ tó o. Mi ò rí i sójú rí, mo kàn ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ọ̀gá mi fi pẹ́ńsùlù àti ìwé sọ́wọ́ bàbá náà. "Baba, kí ló fà á?"

Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni: ÈMI NI.

"Rárá o, Baba," mo ní. "Ẹ̀yin ni wọ́n ṣe léṣe."

Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ẹnu pẹ́ńsùlù kán. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì dé, ó lé wa jáde.

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn olè tá a ká mọ́ inú àjà a máa búra fún mi pé òrùlé làwọn wá tún ṣe. Báyìí mo wá rí ẹjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn méjì ń jà láti jẹ̀bi ẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí wọ́n fọ́ lójú. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi pátápátá. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi, ó ní òun náà ò tíì mọ ibi tórí ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n pé ó dùn mọ́ òun. Inú bí mi.

*

Ọ̀gá tó ń bójú tó rírà nǹkan fún ilé-iṣẹ́ náà kò tíì pé ogójì ọdún. Oṣù mẹ́jọ péré ló tíì lò lórí àga náà. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń fi bírò sí lára ṣẹ́ẹ̀tì, irin ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní kálípà ló fi síbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Ọ̀gá Kálípà lẹ́yìn ẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin àti Ìyá Onírọ́bà ti ní gbólóhùn asọ̀ rí?" ọ̀gá mi bi í.

"Rárá o! Ẹ wo fáìlì ẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, ẹ̀sùn kan ò sí níbẹ̀." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé ìwé-ẹ̀rí kan jáde tí wọ́n ti fi gíláàsì sí lójú. Wọ́n kọ ọ́ gàgàrà sí i pé ALÁBÀÁṢE TÓ ṢEÉ FỌKÀN TÁN. "A fẹ́ fún un lópin ọdún yìí ni. Ẹ wá wo bó ṣe dójú tì wá."

"Kí ló fà á?"

"Tí ó fi dójú tì wá?"

"Tẹ́ ẹ fi fọkàn tán an."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹrù ẹ̀ kì í bà jẹ́ ni. Mo wo ìwé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí."

Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wa kíákíá. Ó jọ mí lójú pé èèyàn gidi ni. Lẹ́nu géètì ni ọ̀gá mi ti ní kí ẹ̀ṣọ́ fún òun ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọkọ̀ tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Ó ń fi ìka tọ ojú ìwé náà lọ, ó ṣáà ń lọ, títí ó fi dúró.

"Kà á fún mi, Sájẹ́ǹtì."

Mo kà á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ Ìyá Onírọ́bà gbé páálí mẹ́rin wọlé. Ọjọ́ kan náà, ó gbé páálí mẹ́rin jáde.

Ara mi yá gágá. Ọkọ̀ tó wá já ẹrù, òfìfo ló yẹ kó padà! Awakọ̀ ti pààrọ̀ òrùka lójú ọ̀nà ni, ó gbé ayédèrú wọlé, ó ń gbé ojúlówó lọ tà. Mo ní kí ọ̀gá mi jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ kí n bi eléyìí léèrè fúnra mi.

*

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà, nítorí kì í sáré. Mo lu tábìlì níwájú ẹ̀.

"Páálí mẹ́rin! Ta lo tà á fún?"

"Ta kí ni?" Ó wo ọ̀gá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ fún Ìyá, mi ò ta abẹ́rẹ́ rí."

"Kí lo wá gbé jáde?"

"Wọ́n ní kí n má sọ."

"Ta ni 'wọ́n'?" ọ̀gá mi bi í, ohùn ẹ̀ rọ̀.

Jẹ́jẹ́ tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní Ọ̀gá Kálípà ló yọ òrùka kan nínú ẹrù, ó wọ̀n ọ́n, ó bá mẹ́fà. Ó ní kí òun kó gbogbo ẹ̀ padà, ó sì fi lẹ́tà kan lé òun lọ́wọ́ fún Ìyá. Ó ní kí òun má pariwo ẹ̀, kí fáìlì lè máa mọ́, torí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ ni fáìlì ń lọ lópin ọdún.

"Ṣé mẹ́fà lẹ ti ń kó wá tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mẹ́fà ni látọdún kìíní, mà! Ìgbà tá a kọ́kọ́ ṣe márùn-ún tí wọ́n yà sínú ìwé, ó ń jò. Baba Ọlọ́mọrí fẹsẹ̀ rìn wá bá wa nínú àtíbàbà tí Ìyá ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó há ọmọrí sábíyá. Òun àti Ìyá jọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń dán an wò, títí mẹ́fà fi dì í mú. Baba ní òun á sọ fún wọn kí wọ́n tún ìwé ṣe."

"Wọ́n tún un ṣe?"

"Ẹni tó ya ìwé náà ti fibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tó wà nígbà náà ní ṣebí òrùka ń ṣiṣẹ́, ká ṣáà máa ṣe é bí a ṣe ń ṣe é, kó lè máa rí bó ṣe ń rí. Àpọ́nlé wà láàárín wọn, Ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá máa nílò púpọ̀, wọ́n á ti pe Ìyá lóṣù kan ṣáájú. Tí rọ́bà tá a rà ò bá dáa, Ìyá á pè wọ́n fúnra ẹ̀ kí wọ́n má retí òun. Kò sẹ́ni tó ń wo ìwé." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, Ìyá wọṣọ, ó lọ bá Ọ̀gá Kálípà. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló jókòó sí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Akọ̀wé ló jáde sí i níkẹyìn. Ó ní ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe bó ṣe wà nínú ìwé."

Mo wo ọ̀gá mi. Wọ́n dá èyí tó dáa padà. Wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tí kò dáa wá. Nígbà tó dé, wọ́n gbà á.

"Ẹjọ́ ti tán nìyẹn," mo ní. "Obìnrin yẹn ò jẹ̀bi. Baba sì ní òun ló jẹ̀bi torí kò rí i pé wọ́n tún ìwé ṣe."

"Ti Baba yé mi. Ti Ìyá ni kò yé mi." Ó dìde. "Ó mọ̀ pé òrùka yẹn ò ní dì í mú. Ẹni tí kò fi ọ̀kan tó burú ránṣẹ́ rí fi ẹgbẹ̀rún ránṣẹ́, ó sì lọ sùn? Ó ní nǹkan tó gbọ́kàn lé. Kí ni?"

*

A já òǹtẹ̀ ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi-iṣẹ́ Ìyá Onírọ́bà. Páálí mẹ́rin tí wọ́n dá padà wà lábẹ́ tapólì, òrùka inú wọn mọ́, wọ́n dán, mẹ́fà mẹ́fà ni gbogbo wọn. Lẹ́tà wà nínú dúrọ́ọ̀: *Ẹ ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀, a ó dá a padà.*

Ní igun kan, páálí kan tó kù nínú tín-ín-rín wà níbẹ̀, wọn ò tíì gbé e jáde. Èmi ni mo yí i padà láti wo ìdí ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé rántí pé èmi ni. Ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára, lẹ́tà tó tóbi bí ọwọ́:

BABA, Ẹ DÁN AN WÒ O.

Ọ̀gá mi jókòó sórí páálí mìíràn.

"Ká padà sí ilé-iṣẹ́ yẹn," ó ní.

Nínú sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń gba ẹrù wọlé, àwọn páálí tó dé lọ́sẹ̀ yìí ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ti kọjú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn sí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni tábìlì onípákó kan wà tí irin ìdì-nǹkan-mú wà létí ẹ̀, ojú ẹ̀ sì ti jẹ rogodo níbi tí ọmọrí ti ń jókòó sí lọ́dọọdún. Agbòòrùn táwọn òṣìṣẹ́ sá ló kún orí ẹ̀.

"Tábìlì wo nìyí?" ó bi Ọ̀gá Kálípà.

"Ìyẹn? Orí ẹ̀ ni Baba Ọlọ́mọrí ti máa ń yọ òrùka wò nínú gbogbo ẹrù tó bá dé. Mo ti dá yíyẹ̀wò yẹn dúró láti oṣù mẹ́rin. Mo gbé Baba lọ sí ìparí iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dán odindi ẹ̀rọ wò."

"Kí ló fà á?"

"Mo ti sọ fún yín! Ẹrù obìnrin yẹn kì í bà jẹ́. Kí la ń yẹ ẹrù ẹni tá a fọkàn tán wò sí?"

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

"Fún Ìyá Onírọ́bà? Rárá. Ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni."

Ọ̀gá mi yí ọ̀kan nínú àwọn páálí náà padà. Ọ̀gá Kálípà kà á. Ó tún un kà.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ọ̀gá mi ní. "Ẹrù ẹ̀ kì í bà jẹ́ torí pé ó ń ṣe ju ohun tó wà nínú ìwé yín lọ, ẹ̀yin ò sì mọ̀. Ẹ ní kó má fi kún ìwé mọ́. Kò fi kún un mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí tábìlì yìí tí yóò rí i, tí yóò dá a padà, tẹ́ ẹ fi máa gbà láti bá òun sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé ẹ ti gbé ẹni náà kúrò. Baba náà ń dán ẹ̀rọ wò lọ níbi ìparí iṣẹ́, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, torí ó mọ̀ pé Ìyá ò lè ṣe márùn-ún láéláé. Olúkúlùkù wọn rò pé ẹnì kejì ti ti ilẹ̀kùn."

"Ṣùgbọ́n mi ò ṣe nǹkan tó burú." Ọkùnrin náà yọ kálípà lápò, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. "Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé ìwé. Wọ́n ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo sì fọkàn tán an, wọ́n ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀ náà."

"Ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé e tó láti jẹ́ kó jókòó síwájú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá gbẹ́kẹ̀ lé e débi tẹ́ ẹ ò wo ẹrù ẹ̀ mọ́. Èwo lẹ mú níbẹ̀?"

Ká sòótọ́, àánú ẹ̀ ṣe mí. Ó jọ ẹni tí wọ́n ní kó ka iye ìka ọwọ́ ara ẹ̀, tó bá a ní mọ́kànlá.

*

Nínú àhámọ́, ọ̀gá mi tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, tábìlì yẹn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù mẹ́rin. Baba ò rí òrùka yín. Kò rí ohun tẹ́ ẹ kọ."

Ìyá Onírọ́bà wò ó bí ẹni tí kò gbédè.

"Wọn ò dán an wò?"

"Ẹnikẹ́ni ò wò ó. Ojú ara ẹ̀ ni Baba fi dán an wò."

Igbe tó ké, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Nígbà tó wá lè sọ̀rọ̀, ó ní: "Mo rò pé Baba rí i, tó jẹ́ kó kọjá. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Oṣù méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Mo ní tí mo bá fi lanu, wọ́n á ní òun ló sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á lé e lọ́wọ́ òfo. Ojú rẹ̀ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ á tún lọ?" Ó nu imú. "Ìbínú ni mo fi ṣe é. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwé ò lójú. Mo ní kí wọ́n ṣáà dá a padà lẹ́ẹ̀kan, wọn á wá mi wá. Ìbínú ò da nǹkan, èmi náà sì ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi lójoojúmọ́."

*

Lọ́jọ́ Ajé, adájọ́ ka ìwé tí ọ̀gá mi kọ, ó ka lẹ́tà, ó wo páálí. Ó bi wá pé ta ni kí òun dá lẹ́bi, ọ̀gá mi ní òun kò mọ̀, pé iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Kálípà máa padà wá ṣàlàyé lórí ẹrù tó dá padà láìkọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tú Ìyá Onírọ́bà sílẹ̀, wọ́n ní kí a ṣí ibi-iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án dúró dè é níta kóòtù, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ó kí wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀dọ̀ wa ló wá.

"Ẹ gbé mi dé ọsibítù," ó ní.

Nínú ọkọ̀, ọ̀gá mi sọ fún un pé ìwé gbè é, kóòtù gbè é, kò sí òfin tó ní kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìyàwó Baba wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó fi ara dí i.

"Ìwọ ni Onírọ́bà?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní wọ́n ti dá ẹ sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lo ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Mi ò béèrè ohun tí wọ́n wí. Ṣé o mọ̀ pé ó tín-ín-rín jù?"

Mo rò pé yóò wo ojú wa, kí a bá a sọ nípa lẹ́tà, nípa tábìlì. Kò wẹ̀yìn.

"Mo mọ̀," ó ní.

Ìyàwó Baba ń wo ọwọ́ obìnrin náà, ó ń wo dúdú abẹ́ èékánná ẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì kọjá láàárín wa pẹ̀lú ibùsùn onítáyà, a yà fún wọn, a tún padà sí àyè wa.

"Ojú kan ṣoṣo tó kù fún bàbá yẹn," ó ní, "ẹnu ọ̀nà yìí ló gbé e lé láti àárọ̀, kò kúrò. Ẹ̀yin ló ń retí."

Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé."